Ọ̀RỌ̀ ÌDÍLÉ: Omi Ìṣandí Nínú Ọkọ̀ Ojú Omi

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí lè pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá rẹ́rìn-ín tán, kí ẹ kà á dé òpin, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìyá wa mọ́ wa lọ́wọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ pé a ní ọkọ̀ ojú omi kan tí ó ní yàrá nínú, èyí tí a fi ń kó ọjà láti Port Harcourt níhìn-ín lọ sí Nembe àti Brass. Kì í ṣe ọkọ̀ asáré. Bí a bá gbéra ní òwúrọ̀, ilẹ̀ a máa ṣú kí a tó gúnlẹ̀. Nígbà mìíràn a tilẹ̀ ń sùn sójú ọ̀nà. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kékeré kan wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bébà ìnura nìkan ni ẹni tí a ra ọkọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ń lò níbẹ̀. Àwa ọkùnrin kò ka èyí sí nǹkan kan. Bí ó bá di dandan, a ó na korobá sí odò, a ó sì fa omi.

Ní ọdún tí ó kọjá, ìyá wa bá wa wọ ọkọ̀ náà lọ sí Brass láti rí àbúrò wa tí ó ń ṣòwò níbẹ̀. Ìyá ti lé ní ọdún 75, orúnkún ń dùn wọ́n, wọn kò sì lè bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ láti fa omi. Nígbà tí a gúnlẹ̀, bí wọ́n ti dìde báyìí, òòyì kọ́ wọn, wọ́n sì ṣubú lé wa lọ́wọ́. Dókítà tí a gbé wọn lọ bá ní omi ló ti gbẹ lára wọn. Títí di ọjọ́ kejì ni wọ́n fi ń fa omi sí wọn lára.

Nígbà tí ara wọn balẹ̀, a bi wọ́n pé, "Màmá, omi mímu kún inú ọkọ̀. Kí ló dé tí ẹ kò mu ún?"

Wọ́n wò wá lójú, wọ́n ní, "Ọmọ mi, láti alẹ́ tí ó ṣáájú ìrìnàjò ni mi ò ti fi omi kan ẹnu. Bí mo bá mu ún, mo ní láti tọ̀. Bí mo bá tọ̀, kí ni n ó fi ṣàn án? Ṣé bébà ni n ó fi nura kí n tó kírun?"

Ẹnu wa wọhò. Owó tí a ná sórí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yìí kì í ṣe kékeré, ṣùgbọ́n a kò ná kọ́bọ̀ kan kí ìyá tí ó bí wa lè lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pẹ̀lú iyì.

Bí a ti padà dé, a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Búútà ni a kọ́kọ́ gbé síbẹ̀, irú èyí tí ẹ̀yin ará wa ní ilẹ̀ Hausa mọ̀ dáadáa. Búútà dára púpọ̀ lórí ilẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbì kan ṣoṣo ló dà á nù, tí ilẹ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ di yíyọ̀. Lẹ́yìn èyí, a rò ó pé kí a fa rọ́bà kan láti inú odò wá, nítorí omi odò kì í tán, a kì í sì í rà á. Nọ́ọ̀sì kan nínú ẹgbẹ́ wa ló dá wa lẹ́kun. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo àwọn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n kọ́ sórí omi lẹ́bàá odò yìí. Ohun tí ó ń ti ibẹ̀ jáde ni ẹ fẹ́ fi fọ Màmá?" Òótọ́ ló sọ. Inú omi tí ìgbẹ́ ti kàn ni àrùn onígbáméjì ń gbà wọ ara ènìyàn, bí ọwọ́ tí ó kan omi náà bá kan ẹnu. Ní oṣù November ọdún 1919 kọ́ ni a ń wí o, ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fi ọwọ́ sí àṣẹ pé kí ìyàgbẹ́ síta dópin ní Nàìjíríà kí ó tó di ọdún 2025. Ọdún 2025 ti kọjá, ṣùgbọ́n àwọn ilé orí omi wọ̀nyẹn kò tíì kúrò lójú wa.

Nígbà náà ni a wá gbọ́ nípa ohun tí àwọn Faransé ń pè ní bidet. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ní èdè wọn ni ẹṣin kékeré, nítorí pé bí ẹni gun ẹṣin ni wọ́n ṣe ń jókòó lé e. Ó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún tí wọ́n ti ń lò ó. Ní Ítálì, láti ọdún 1975 ni òfin ti sọ pé ilé gbígbé gbọdọ̀ ní ọ̀kan. Ní Jàpáánì, ọdún 1980 ni ilé iṣẹ́ TOTO gbé irú èyí tí ó ń fi iná mànàmáná tú omi jáde sí ọjà. Ohun tí àwọn àgbà wa ti ń fi búútà àti ọwọ́ òsì ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ náà ni gbogbo wọn ń ṣe.

Èyí tí ó yẹ ọkọ̀ kékeré ni rọ́bà tí ó ní orí tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀. Kò gba àyè. Pọ́ńbà gé páìpù omi tútù tí ó lọ sí ibi ìfọwọ́, ó fi ìsopọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta sí i, ó sì fa rọ́bà náà láti ibẹ̀. Táǹkì omi mímọ́ inú ọkọ̀ ló ń bọ́ ọ, bátìrì fóòtì 12 sì ni pọ́ǹpù rẹ̀ ń lò. Ẹ rí i pé ibi tí wọ́n á fi orí rọ́bà náà kọ́ ga ju àwo ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, kí ó má baà bọ́ sínú àwo kí ó sì fa omi ìdọ̀tí padà sínú omi mímọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ojú wa rí. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, a lò ó tán, a gbé e kọ́, a sì lọ sùn. A kò ti ẹ̀rọ omi tí ó wà lára ògiri, a kò sì pa pọ́ǹpù. Rọ́bà náà wú, ó sì bẹ́ lóru. Bí omi ti ń ya ni pọ́ǹpù ń fà, títí gbogbo omi táǹkì fi dà sí abẹ́ ọkọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi mímu tán, bátìrì kú, ẹ́ńjìnnì kọ̀ kò ṣíṣẹ́, nítorí bátìrì kan náà ni a so méjèèjì mọ́. Ọlọ́kọ̀ mìíràn ló fà wá dé èbúté. Láti ọjọ́ náà, bátìrì ẹ́ńjìnnì dá dúró. Ẹni tí ó bá sì lo rọ́bà náà tán gbọdọ̀ ti ẹ̀rọ omi ara ògiri, kí ó tún tẹ orí rọ́bà lẹ́ẹ̀kan kí agbára omi inú rẹ̀ jáde. A kọ èyí sára ìlẹ̀kùn pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà.

Ní ti lílò rẹ̀, ẹ jókòó dáadáa, tọkùnrin tobìnrin, kí ẹ di irin ara ògiri mú, nítorí ọkọ̀ kì í kìlọ̀ kí ó tó mì. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́. Àwọn obìnrin, ẹ fọ̀ láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn. Kí olúkúlùkù ní aṣọ ìnura kékeré tirẹ̀, kí ó sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn náà. Bí a kò bá fi ṣeré, omi tí ẹnì kan ń lò lẹ́ẹ̀kan kì í tó lítà kan.

Ó ku ibi tí omi ìdọ̀tí ń lọ. Òfin àgbáyé tí wọ́n ń pè ní MARPOL sọ fún àwọn ọkọ̀ ńláńlá pé wọn kò gbọdọ̀ da ìgbẹ́ tí wọn kò tíì lọ̀, tí wọn kò sì tíì fi oògùn sí, sínú òkun àfi tí wọ́n bá jìnnà ju máìlì òkun 12 lọ sí ilẹ̀. Ọkọ̀ tiwa kéré sí èyí tí òfin náà ń bá wí, ṣùgbọ́n odò tí à ń gbà kò ní ibi tí ó jìnnà sí ilé ènìyàn. Nítorí náà, inú táǹkì ìdọ̀tí ni gbogbo rẹ̀ ń lọ, a sì ń fà á dà sí sọ́kàwéè lórí ilẹ̀. Òtítọ́ ni pé táǹkì náà ń tètè kún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí omi ti kún bébà. Ìyà kékeré ni èyí jẹ́. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹni tí ó bá da ìgbẹ́ síwájú ńkọ́?

Ìròyìn ayọ̀ ni a ó fi kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Ìyàwó àbúrò wa ní Brass bí ọmọbìnrin láyọ̀, ìyá àti ọmọ sì wà ní àlàáfíà. Nígbà tí ìròyìn dé, a bẹ Màmá pé kí wọ́n jókòó sílé, kí a gbé fọ́tò ọmọ wá fún wọn. Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún yín pé mi ò lọ?" Wọ́n bá wa wọ ọkọ̀. Kí a tó dé Nembe, wọ́n ti mu ìgò omi méjì, wọ́n sì ti lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìlẹ̀kùn tì gbọn-in, kò sí ẹni tí wọ́n pè. Nígbà tí a gúnlẹ̀, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi rìn dé ilé ìkómọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀, ẹ bi àwọn ìyá yín léèrè. Wọn kì í sábà sọ ọ́ bí a kò bá bi wọ́n.

Ó di oṣù tí ń bọ̀. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ wa lójú omi àti lórí ilẹ̀.