Ẹrù Ojú Irin Lórí Títì Ìjẹ̀bú

Obìnrin tó bá ń sá láfún létí títì Ìjẹ̀bú-Igbó mọ bí ọ̀rọ̀ típà ṣe ń dunni tó. Típà òkúta wẹ́wẹ́ kan tí kò fi tapólì bo ẹrù á kàn kọjá fìà, láfún funfun á di eléérú. Obìnrin náà lè gbọn láfún. Ta ni yóò bá a gbọn ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tó jókòó tì í? Eruku òkúta kì í ṣe eruku lásán. Àpá ló ń dá sínú ẹ̀dọ̀fóró, àpá tí oògùn kì í pa rẹ́.

Òkúta wà lápá òkè Ìjẹ̀bú, yanrìn wà nísàlẹ̀, Èkó tó ń kọ́lé lójoojúmọ́ sì ń fẹ́ méjèèjì. Èyí kò tíì tó, wọ́n ṣí èbúté Lẹ́kí ní oṣù kìíní 2023, ilé ìfọpo Dangote tẹ̀lé e ní oṣù karùn-ún. Tánkà àti kọ̀nténà tó ń lọ sápá Ìbíní wá ń gba Ẹ̀pẹ́ àti Mọ́jọ́dà wọ Ìjẹ̀bú-Òde.

Irú ẹrù báyìí, ojú irin ló ń rù ú láyé àtijọ́. Ọdún 1915 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wa èédú ilẹ̀ ní Údì lẹ́bàá Enugu. Nígbà tó fi máa di 1916, ojú irin ti ń gbé e lọ sí Port Harcourt. Tiwa ńkọ́? Ojú irin àwọn òyìnbó gba Abẹ́òkúta lọ Ìbàdàn. Èyí tuntun tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà 2021 náà gba ibẹ̀. Ìjẹ̀bú kò rí ọ̀kankan, títì ló wá ń ru gbogbo ẹrù náà.

Àwọn onímọ̀ títì dán an wò ní Amẹ́ríkà láàárín 1958 sí 1960: bí ìwúwo ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ tó ń ṣe fún títì á tó ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Ẹni tó gbé àpò gààrí gun ọ̀kadà láàárín kòtò ló ń san gbèsè náà.

N kò bínú sí awakọ̀, iye ìrìn tó bá rìn ni wọ́n ń san fún un. Ìjọba ni mo ń bá wí. Láti 2012 ni ECOWAS ti ṣòfin ìwúwo ọkọ̀ akẹ́rù; kí ìjọba mú un lò. Kí ọkọ̀ tí kò bo ẹrù má kúrò níbi tí wọ́n ti dì í. Kí wọ́n fi owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí tún títì abúlé ṣe.

Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún, ọmọ Ìpẹru ni yín, ẹ mọ ohun tí ojú ìlú ẹ̀bá títì ń rí. Kí ẹ tó gbéjọba sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2027, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé òṣùwọ̀n ọkọ̀ kan sójú títì tó ti Mọ́jọ́dà wọ Ìjẹ̀bú-Òde.