Ẹni Tó Ti Wọjà Náà Ṣeé Wò

Bí orí ẹnìkan bá dàrú láàárín Yorùbá, ohun tí ẹbí ń bẹ̀rù jù ni kó má wọjà. Wọ́n ní wèrè tó bá ti wọjà kò ṣeé wò mọ́. Ìgbàgbọ́ yìí ló ń mú kí wọ́n ti aláìsàn mọ́ yàrá, kí wọ́n sọ fún àlejò pé ó rìnrìn àjò, kí oṣù mẹ́fà sì kọjá kí dókítà tó fojú kàn án. Ìtìjú ló ń jẹ́ kí àìsàn náà rídìí jókòó.

Ó ti pẹ́ tí Abẹ́òkúta ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Ẹ̀gbá, bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú kan ní ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Aro, Abẹ́òkúta, tí àwọn oníṣègùn káàkiri ayé wá fi kọ́gbọ́n. Kò kó aláìsàn sẹ́yìn odi. Àwọn ará abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn ló gbà wọ́n sílé, ẹbí kan sì gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá: ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Bí wọ́n bá ti ibi ìtọ́jú dé, ẹni tó lè roko á roko. Lambo tún gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra nínú iṣẹ́ náà. Ó dunni pé orúkọ Aro yìí kan náà ni àwọn èèyàn fi ń bú ara wọn lónìí.

Yàtọ̀ sí ìtìjú, ìdí oògùn ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń ṣìnà. Ara aláìsàn á balẹ̀, á máa rí oorun sùn, wọ́n á ní Ọlọ́run ti ṣe é, wọ́n á da oògùn nù. Bí àìsàn bá padà dé, wọ́n á ní oògùn òyìnbó kò ṣiṣẹ́. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹlẹ́jẹ̀ ríru tàbí onítọ̀ ṣúgà. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé oògùn ojoojúmọ́ ló gbé e dúró, wọ́n sì ń pè é ní alára líle. Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ọpọlọ ni yóò lo oògùn títí ayé, àmọ́ dókítà ló yẹ kó sọ ìgbà tí yóò dín in kù.

Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tó rọ́pò òfin wèrè ayé òyìnbó amúnisìn. Àmọ́ òfin kò lè wọ yàrá tí ẹbí tì pa. Kí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, kó mú ọmọ ìyá rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn, kó sì jókòó tì í títí dókítà á fi rí i.