Onílé Kọ́ Ooru, Ayálégbé Ń Sanwó Rẹ̀

Ẹni tí kò bá mọ bí ooru ti rí, kí ó bá mi dé Agbówó ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nínú oṣù Èrèlé.

Ibẹ̀ ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan háyà yàrá méjì sí, òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ ọwọ́ wọn. Ilé tuntun ni, ó sì dùn ún wò lójú títì. Dígí ni gbogbo iwájú rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ìwọ̀-oòrùn gan-an ni ó sì kọjú sí. Òrùlé rẹ̀ kò yọ síta tó ìbú ọwọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nǹkan kan láàárín páànù àti sílíìnì àfi eku. Mo bá wọn jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí mo fi ọwọ́ kan ògiri ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, ó ṣì gbóná bí ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ara ọmọ ti yọ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́.

“Bàbá, ẹ̀rọ amúlétutù ni ó ń jẹ owó oúnjẹ wa,” ni ọkọ ìyàwó wí.

Mo bá a ṣírò rẹ̀. Àwọn wà lára àwọn tí a ń pè ní Band A, tí wọ́n sọ owó iná wọn di ₦225 lórí yúnììtì kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Ní iye ìgbà náà, bí ẹ̀rọ náà bá fa yúnììtì kan ní wákàtí kan, tí wọ́n sì tàn án fún wákàtí 8 lóru, ₦1,800 ti lọ kí àkùkọ tó kọ. Ní oṣù kan, ó di ₦54,000!

Ó ti lọ bẹ onílé pé kí ó jẹ́ kí àwọn ta ìbòòrùn sí ojú dígí níta. Onílé ní yóò ba ẹwà ilé jẹ́, kí wọ́n kúkú ra sólà. Ẹ gbọ́ ná! Oòrùn tí onílé fi dígí gbà wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ ni kí ayálégbé fi owó sólà lé jáde.

N kò pe onílé ní ènìyàn burúkú. Òun kọ́ ni ó ń san owó iná, kí ni yóò mú un náwó sí ohun tí yóò tu ẹlòmíràn lára? Ìdí rẹ̀ nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi ṣeé fi sílẹ̀ fún inú rere. Ti òfin ni.

Ìlànà rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Babátúndé Fáṣọlá jẹ́ mínísítà, ìjọba àpapọ̀ gbé ìwé ìlànà kan jáde lórí iná lílò nínú ilé kíkọ́, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ìjọba Jámánì àti ti àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù. Ó ní kí fèrèsé má ṣe ju ìdá 20 nínú 100 ògiri lọ àfi bí ìbòòrùn bá wà, kí a tẹ́ ohun tí ń dènà ooru sábẹ́ òrùlé, kí ẹ̀rọ amúlétutù má sì jẹ́ ọ̀jẹun. Ṣùgbọ́n Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti dá a ní ọdún 2003, nínú ẹjọ́ tí Ìpínlẹ̀ Èkó pè, pé ọ̀rọ̀ ìlànà ìlú àti ilé kíkọ́ wà lọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀. Ìwé tí ó ti Àbújá wá kò lè de ẹnikẹ́ni títí ìpínlẹ̀ yóò fi sọ ọ́ di tirẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò ní àṣejù ayé òde òní nìyí. Kí olúwarẹ̀ sọdá títì láti Agbówó sínú Yunifásítì. Nígbà tí Maxwell Fry àti ìyàwó rẹ̀, Jane Drew, ń ya àwọn ilé ibẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, wọn kò gbójú lé ẹ̀rọ amúlétutù. Wọ́n jẹ́ kí ilé gùn kí ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ kí atẹ́gùn lè là á já, wọ́n fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì dá ihò sí ògiri kí òjìji lè wà. (Ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ rántí, kì í ṣe ohun tí òyìnbó kọ́ wa.)

Ní California ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2020 ni òfin ti ní kí ọ̀pọ̀ jùlọ ilé gbígbé tuntun ní sólà lórí. Ó wù mí, ṣùgbọ́n bí a bá gbé e wá báyìí, orí owó ilé ni onílé yóò kó o lé. Kí òrùlé lágbára tó láti gbé e, kí a sì ti fi ọ̀nà wáyà sílẹ̀ nínú ògiri, ìyẹn tó ná. Ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ sí pláànù ilé ní Ìbàdàn, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ìyàwó ilé náà ti ń wá ibòmíràn sí Bódìjà. Mo ní kí ó má ṣe lọ wo ilé ní òwúrọ̀. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni kí ó lọ, kí ó sì fi ọwọ́ kan ògiri.