Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Kòrónà: Kí Ló Dé Tí Agbára Rẹ̀ Ń Dínkù?

Láti ìgbà àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà ni a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu àwọn ènìyàn wa: “Lágbájá gba abẹ́rẹ́, àrùn náà ṣì mú un. Àǹfààní wo ló wá wà níbẹ̀?” Ìbéèrè gidi ni. Bí a kò bá dáhùn rẹ̀ bó ṣe yẹ, yóò kó bá àwọn abẹ́rẹ́ mìíràn tí ẹ̀mí àwọn ọmọ wa dúró lé.

Ẹni tó bá ti múra Hajj rí mọ̀ pé abẹ́rẹ́ kì í pẹ́ lára bákan náà. Ti ibà pọ́njú, tí wọ́n ń kọ sínú yẹ́lò káàdì, ẹ̀ẹ̀kan láyé ni. Ti yírùnyírùn ń lo ọdún 3 tàbí 5, ó kù sí irú èyí tí wọ́n bá gún fún wa. Ti flu, ọdọọdún ni. Kòrónà sún mọ́ flu ju ibà pọ́njú lọ.

Ohun méjì ló fà á. Àkọ́kọ́ wà nínú ara wa. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ara a máa pèsè èròjà tí ń gbógun ti àrùn sínú ẹ̀jẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ wọn á pọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n bí oṣù ti ń gorí oṣù, wọn á máa dínkù. Imú àti ọ̀nà ọ̀fun ni kòrónà ń gbà wọlé. Bí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bá ti dínkù, yóò ráyè wọlé. Àmọ́ ara ní ìrántí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan kì í tètè gbàgbé ọ̀tá tí wọ́n ti mọ̀ rí, wọn a sì máa kó ogun jọ kí àrùn náà tó ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ìdí nìyí tí ẹni tó gba abẹ́rẹ́ fi lè húkọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, kó má sì dèrò ilé ìwòsàn.

Ìkejì wà lára kòkòrò náà: a máa pààrọ̀ aṣọ. Ìrísí èyí tó kọ́kọ́ jáde ni wọ́n fi ṣe àwọn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí Omicron yọjú ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ó ti yàtọ̀ púpọ̀.

Nígbà tí àyẹ̀wò abẹ́rẹ́ Pfizer fi ìdá 95 nínú 100 hàn ní ìparí ọdún 2020, nǹkan bí oṣù 2 péré lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kejì ni wọ́n tíì fi ṣọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó kópa. Nígbà tó fi di ìparí oṣù Keje ọdún 2021, Israel ti ń fún àwọn tó lé ní ọdún 60 ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, nítorí wọ́n rí i pé ààbò ń lọ sílẹ̀. Ní tiwa, àṣìṣe ibẹ̀ ni pé wọ́n kéde 95 náà fún gbogbo ayé, wọn kò sì kéde tó pé yóò máa dínkù. Ẹni tó wá fura kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dínkù yàtọ̀ sí ohun tí kò ṣiṣẹ́.

Kí ni kí a wá ṣe? Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé dárúkọ àwọn tó yẹ kó tún un gbà lẹ́yìn oṣù 6 tàbí 12: àwọn arúgbó, àwọn tí àìsàn ti sọ agbára ara wọn di ahẹrẹpẹ, aláboyún, àti òṣìṣẹ́ ìlera. Kò ka ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le mọ́ wọn. Bàbá tàbí ìyá wa tó gbà á lọ́dún 2021 tí kò tún gba òmíràn kò gbọdọ̀ gbójú lé káàdì àtijọ́, pàápàá bó bá ń lọ sáàárín èrò ní Mẹ́kà. Ẹ kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀.

Ti àwọn ọmọ kò rí bẹ́ẹ̀. Kòkòrò measles kì í pààrọ̀ aṣọ bíi kòrónà. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní oṣù 9 àti oṣù 15 ń dáàbò bo ọ̀pọ̀ ọmọ títí ayé wọn. Ẹ má ṣe tìtorí kòrónà fi tiwọn dù wọ́n.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ àwọn òbí wa àti àwọn ọmọ wa. Àmín.