Lẹ́tà U Tí Kì Í Fọhùn

Ọmọ kan nínú ilé wa, ẹni tí ó ń kọ́ èdè Sípéènì nítorí àti lè bá àwọn ìran wa Lukumí tí ń bẹ ní Kúbà sọ̀rọ̀, kó ìwé rẹ̀ wá bá wa ní alẹ́ ọjọ́ kan, ojú rẹ̀ sì fà ro. Ó ti mọ̀ pé pagar ni "sanwó". Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fẹ́ wí pé, "Mo fẹ́ kí ó sanwó," tí ó sì kọ quiero que page, olùkọ́ rẹ̀ fa ìlà pupa sí i nídìí. Pague ni ó yẹ kí ó kọ. Ó bi wá pé, "Níbo ni u yìí ti wá?"

A ní kí ó ka ohun tí ó kọ sókè. Lẹ́tà g, bí ó bá ṣáájú a, o tàbí u, a máa dún bí g tiwa. Ṣùgbọ́n bí e tàbí i bá tẹ̀lé e, yóò di ìró kan láti ọ̀nà ọ̀fun, tí ó súnmọ́ h. Nítorí náà, "páhè" ni ará Kúbà yóò ka page sí. Níbi tí àwa ti ń lo "kí" láti sọ ìfẹ́ tàbí àṣẹ, ọ̀rọ̀-ìṣe wọn tí ó parí sí -ar a máa fi e rọ́pò a, e yìí ni ó sì dá wàhálà sílẹ̀. U náà kò ní ohùn kankan. Olùṣọ́ ni, ó dúró kí g má baà yí padà.

Bákan náà ni buscar, "wá kiri," ṣe di busque, tí empezar, "bẹ̀rẹ̀," sì di empiece. (I tí ó yọjú nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn ni.) Ti escoger, "yàn," yàtọ̀: a ni ó ń bọ̀ níbẹ̀, g ì bá sì le jù, nítorí náà ni wọ́n fi j sí i, escoja.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ àmì orí o! Pague ni "kí ó san", pagué ni "mo san." Ẹni tí ó bá ń kọ̀wé nípa gbèsè, kí ó wo e rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àwa tí a mọ̀ pé ọkọ́ kì í ṣe ọkọ̀, kò yẹ kí èyí ṣòro fún wa.

Ọmọ náà tún un kọ, ó kà á sókè, ó sì dún dáadáa. Lẹ́yìn èyí ni ó béèrè i inú empiece. A ní kí ó lọ sùn.