Àdánù Ilé-Ìwé Tí A Tì Kò Dọ́gba

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwọn èèyàn Ìfọ̀nyìn, títí dé Ṣakẹ́tẹ́ àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀: pé bí ìjọba bá ti ilé-ìwé, gbogbo ọmọ ló jọ pàdánù. Ọ̀rọ̀ náà ń pẹ̀tù sọ́kàn òbí, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Ẹ wo ọdún 2020. Nígbà tí kòrónà dé, Bẹ̀nẹ̀ ti ilé-ìwé ní ìparí oṣù kẹta. Ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún, àwọn ọmọ CM2, kíláàsì tó kẹ́yìn ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àti ti kọ́lẹ́ẹ̀jì padà sí kíláàsì. Àwọn kékeré, láti CI tó jẹ́ kíláàsì àkọ́kọ́ dé CM1, ṣì jókòó sílé. Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ wọn, òun náà ni wọn yóò fi ṣe CEP, ìdánwò ìparí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, lọ́jọ́ iwájú. Ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba ní Kútọnù ń gbọ́ Faransé lẹ́nu bàbá àti ìyá rẹ̀. Ọmọ ìyá tó ń tajà ní Ìgolo, létí ẹnubodè Nàìjíríà, ńkọ́? Ànàgó, ìyẹn Yorùbá wa, tàbí Ègùn ló yí i ká. Ẹnu olùkọ́ nìkan ló ti ń gbọ́ Faransé. Ìkíní pàdánù ẹ̀kọ́ oṣù mélòó kan. Èkejì pàdánù ìyẹn, ó tún pàdánù èdè tí ì bá fi gbọ́ ẹ̀kọ́ náà nígbà tó bá padà. Nínú ìkànìyàn ọdún 2013, àwa Yorùbá àti ìbátan wa kò ju nǹkan bí ìpín 12 nínú 100 lọ ní Bẹ̀nẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ilé wa ni ẹni tó ń pàṣẹ ní Kútọnù kọ́kọ́ ń rò.

Àwọn kan á ní rédíò wà. Rédíò tó ń sọ Faransé fún ọmọ tí kò tíì gbọ́ Faransé, ta ni yóò túmọ̀ rẹ̀ fún un? Àwọn mìíràn á ní Nàìjíríà kò jìnnà, kí ọmọ sọdá sí Ìdí-Ìrókò. Nàìjíríà náà ti ilé-ìwé tirẹ̀ ní oṣù kẹta yẹn, ó sì ti ti ẹnubodè láti oṣù kẹjọ ọdún 2019. Nítorí ẹnubodè tí wọ́n tì yìí, owó tí òbí Ìgolo ì bá fi gba olùkọ́ wá sílé ti ń gbẹ kí àrùn tó dé.

Àtakò tó lágbára jù ni ti ọdún 1989 ní Bẹ̀nẹ̀, nígbà tí owó oṣù olùkọ́ kò jáde, tí ìyanṣẹ́lódì gba ìlú kan, tí wọ́n sì fagi lé ọdún ẹ̀kọ́ náà pátápátá. Wọ́n á ní, “Ṣebí gbogbo wa la jọ tún kíláàsì?” Àwọn tó padà ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti ibẹ̀ bọ́ sí oko tàbí ilé ọkọ kò sí nínú “gbogbo wa” yẹn. Ní Sàró (Sierra Leone), lẹ́yìn Ẹbólà, ilé-ìwé ṣí ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ṣùgbọ́n ìjọba kò gba àwọn ọmọbìnrin tó lóyún padà títí di 2020. Ṣé ìyẹn náà ni a jọ pàdánù?

Wọ́n ní nítorí ìdánwò ni CM2 fi ṣáájú ní 2020. Ìdánwò ṣeé sún síwájú. Ọjọ́ orí tí ọmọ fi ń mú èdè kò ṣeé sún. Bí wọ́n bá tún ti ilé-ìwé, CI ni kó kọ́kọ́ wọlé padà, kí ẹ̀kọ́ orí rédíò sì jẹ́ ní Ànàgó àti Ègùn.