Ọkọ̀ Òfurufú Alóre, Kì í Ṣe ti Amí

Nínú ìtumọ̀ ìwé ìtàn ogun àti ti ẹ̀rọ, 'ọkọ̀ òfurufú amí' ni orúkọ tí ó máa ń tètè wá sí ẹnu fún ọkọ̀ tí àwọn ológun fi ń wo ibùdó ọ̀tá láti òkè. Ní tèmi, orúkọ yìí kò tọ́, àléébù rẹ̀ kò sì kéré.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọkọ̀ B.E.2 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe àpẹẹrẹ. Ìpele apá méjì ni ó ní, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. (Ẹni tí ó bá pè é ní 'alápá-méjì' kò tíì sọ nǹkan kan, nítorí pé ẹyẹ gbogbo ni ó ní apá méjì, 'onípele-apá-méjì' ni ó yé ni.) Geoffrey de Havilland ni ó ya àwòrán rẹ̀ ní Farnborough, òun náà ni ó sì kọ́kọ́ fi fò ní 1912. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, a kò de ìbọn kankan mọ́ ọn. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ ọdún náà, Gilbert Mapplebeck fi ọ̀kan lọ wo ibi tí àwọn ọmọ-ogun Jámánì dé ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m.

Ta ni amí nínú èdè wa? Ẹni tí ó pa ara dà ni, tí ó wọ àárín ọ̀tá bí ọmọ ilé, tí ó ń yọ́ ilẹ̀ wò. Ta ni ó pa ara dà nínú B.E.2? Aṣọ ológun ni ó wà lọ́rùn awakọ̀, ẹ̀rọ ń pariwo, ọ̀tá sì ń wò ó ní gbangba. Òfin ogun pàápàá ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Gẹ́gẹ́ bí Ìlànà The Hague ti 1907, abala 29, kìkì ẹni tí ó ń ṣe é ní ìkọ̀kọ̀ tàbí pẹ̀lú ẹ̀tàn ni amí; ọmọ-ogun tí kò pa ara dà kì í ṣe amí, bí ó tilẹ̀ wọ agbègbè ọ̀tá láti wá ìròyìn. Bí ọwọ́ bá tẹ ọmọ-ogun yìí, òǹdè ogun ni. Amí lè gba ìdájọ́ ikú. Ògbufọ̀ tí ó bá ṣi ọ̀rọ̀ náà lò ti sọ òǹdè di ẹni ikú.

Ní oṣù kẹta 1915, Mapplebeck yìí kan náà bọ́ sílẹ̀ nítòsí Lille, tí ó wà lọ́wọ́ Jámánì. Àwọn ará ìlú fi í pamọ́, ó sì sá gba Họ́láńdì padà sílé. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án, àwọn ará Jámánì yìnbọn pa Eugène Jacquet àti àwọn mẹ́ta mìíràn nínú àwọn tí ń ran irú wọn lọ́wọ́. Láti ìgbà tí ó ti wà ní ìpamọ́ ni ọ̀rọ̀ 'amí' ti lè bà lé e. Nígbà tí ó wà lókè, kò bà lé e rárá. Bí orúkọ kan ṣoṣo bá wà fún ìgbà méjèèjì, báwo ni òǹkàwé yóò ṣe mọ ìyàtọ̀?

'Alóre' ni mo fara mọ́: ẹni tí ó wà níbi gíga, tí ó ń wo ọ̀nà jínjìn, tí ó sì ń ròyìn fún àwọn tí ó wà nísàlẹ̀. Ẹnìkan lè sọ pé alóre kì í kúrò lójú kan. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdúró-déédéé gan-an ni àwọn tí ó tún B.E.2 ṣe ń wá. Iṣẹ́ Edward Busk ni ó mú kí B.E.2c lè padà sí ipò fúnra rẹ̀ bí atẹ́gùn bá tì í, kí awakọ̀ lè ráyè wò, kí ó sì kọ ohun tí ó rí. Ìdúró-déédéé yìí náà ni kò jẹ́ kí ó lè yí kíákíá nígbà tí ọkọ̀ Fokker oníbọn yọ sí i ní 1915, púpọ̀ nínú wọn ni ó sì ṣègbé.

Bí àwọn olùkọ́ bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju 'alóre' lọ láti inú ẹ̀ka-èdè wọn, inú wa yóò dùn láti gbọ́ ọ.